Tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ bunion, ẹ kọ́kọ́ tún ilé ṣe

Ẹ mú bébà funfun kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ sọ́ọ̀sì, ẹ dìde dúró lé e lórí dáadáa, kí ẹnì kan bá yín fi bírò yí ẹsẹ̀ yín ká. Ẹ wá gbé bàtà tí ẹ wọ̀ lọ sí pátì tó kọjá lé orí ìlà yẹn. Tí ìlà bírò bá ń yọjú lọ́tùn-ún lósì, ohun tí ojú àtàǹpàkò yín ti ń rí látọjọ́ yìí nìyẹn. Kíṣìnì ni mo ti ṣe tèmi, àbúrò mi obìnrin ló bá mi fa ìlà, ó wo bàtà, ó wo bébà, ó tún wo bàtà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹsẹ̀ yín yìí náà lẹ ń kì bọ inú nǹkan yìí?" A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni.

Bunion ni kókó tó máa ń yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Mo ti wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún báyìí, ẹsẹ̀ òsì, ní London níbí, lábẹ́ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí. Èmi kì í ṣe dókítà o, aláìsàn tó ti là á kọjá ni mí, nítorí náà ohun tí dókítà yín bá sọ ló lé tèmi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò là mí lọ́yẹ̀ kó yé mi kí n tó lọ: dókítà ṣe tiẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, èmi fi ọ̀sẹ̀ 6 ṣe tèmi, tèmi yẹn ló sì ń pinnu bóyá tiẹ̀ á dára. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹ lè mọ nǹkan tí ẹ máa ṣe kó tó dọjọ́ náà, lọ́jọ́ náà, àti lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni kókó yẹn gan-an

Ọ̀pọ̀ wa rò pé eegun tuntun ló hù síbẹ̀, pé kí dókítà sáà fá a kúrò bí ẹni ń họ iṣu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun gígùn kan wà nínú ẹsẹ̀ lẹ́yìn àtàǹpàkò, òun ló so àtàǹpàkò mọ́ àárín ẹsẹ̀. Eegun yìí ló fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ tó yà síta, sápá ibi tí ẹsẹ̀ kejì wà, àtàǹpàkò wá yà sódìkejì, ó ń ti ìka tó tẹ̀ lé e. Oríkèé tí àwọn méjèèjì ti pàdé ló yọ gọngọ yẹn. Orí eegun tí wọ́n bí yín mọ́ lẹ ń rí, ibi tó kọjú sí ló ti yí padà. Ìdí nìyẹn tí fífá lásán kì í fi í pẹ́ kó tó tún yọ, torí eegun tó yà ṣì yà síbẹ̀.

Ìdílé máa ń fà á. Mọ́mì mi ní i, ìyá tó bí wọn náà ní i, ìyá yẹn ò sì wọ bàtà gogoro rí láyé wọn. Àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ, àwọn tí oríkèé wọn dẹ̀ jù, àwọn tí làkúrègbé ń bá jà, gbogbo wọn ló lè ní i. Ṣùgbọ́n bàtà kò mọ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ní 1958 àwọn dókítà méjì ní Hong Kong fi ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọ bàtà wé ẹsẹ̀ àwọn tí kì í wọ̀, nǹkan bíi 33 nínú 100 àwọn oníbàtà ló ní i, àwọn tí kì í wọ̀ ò ju nǹkan bíi 2 lọ. Ẹ wá ro ti aṣọ ẹbí àti bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń jó láti ọ̀sán di òru.

Ṣé ó ti tó àkókò

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ṣé ó ń dùn yín nínú bàtà tó fẹ̀? Ẹ kíyè sí i, mo ní bàtà tó fẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú bàtà gogoro nìkan ló ti ń dùn yín, bàtà ló yẹ kí ẹ lọ yọ lẹ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé eegun yín. Tí kò bá dùn yín rárá, tó kàn jẹ́ pé kò wù yín ní fọ́tò, ẹ fi sílẹ̀. NHS kì í ṣe é torí ẹwà, èmi náà ò sì ní bá yín tan ara yín, torí ẹsẹ̀ tí kò dùn yín tẹ́lẹ̀ lè di ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú bàtà tí ibi ìka rẹ̀ fẹ̀ tó sì jìn, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò ga, ẹ fi rọ́bà rírọ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, ẹ ra ohun rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kókó yẹn ní kẹ́míìsì. Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára pé ẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ sùn, ilẹ̀ á mọ́ eegun á ti tọ́, ó lè mú ara rọ̀ yín díẹ̀ o, ṣùgbọ́n eegun àgbàlagbà kì í tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ tàbí kó fi òróró fà á padà sáyè, kì í ṣe eegun tó yẹ̀ o, ẹni tó ń fà á kàn ń dá oríkèé lóró ni.

Àmọ́ tí ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tó ṣì ń jí yín lóru, tí ìka kejì ti ń gun àtàǹpàkò lórí, tí awọ orí kókó ń bó tí egbò ń yọ níbẹ̀, ẹ lọ bá GP, dókítà àdúgbò yín, kó kọ̀wé fún yín. Níbí, dókítà eegun lè ṣe é, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní podiatric surgeon náà ń ṣe é, àwọn yẹn kọ́ṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò kàwé dókítà, ẹ béèrè èwo lẹ máa bá pàdé. Ní ilé, Ìgbòbí l'Ékòó àti UCH n'Íbàdàn ní àwọn dókítà eegun, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló gbájú mọ́, torí ẹni tó mọ orúnkún ṣe dáadáa lè má fi bẹ́ẹ̀ máa ṣe ti àtàǹpàkò.

Wọ́n á ya X-ray. Ẹ rí i pé orí ìdúró lẹ wà tí wọ́n fi yà á, torí tí ẹ bá sùn, eegun ò ní tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ tí ẹ bá ń rìn. Orí fọ́tò yẹn ni wọ́n ti máa fi rúlà wọn igun. Igun tí àtàǹpàkò fi yà kúrò lára eegun gígùn kò yẹ kó tó 15 dígírì, igun tó wà láàárín eegun gígùn àkọ́kọ́ àti ìkejì kò yẹ kó ju 9 lọ. Tèmi jẹ́ 31 àti 14. Ẹ ní kí wọ́n sọ tiyín fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí nọ́ńbà méjì yẹn ló máa sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe.

Irú èyí tí wọ́n máa ṣe

Ó lé ní 100 oríṣi iṣẹ́ abẹ bunion tí àwọn dókítà ti kọ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, àwọn tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fún kókó tí kò tíì yọ jù, wọ́n máa ń ṣe chevron, wọ́n á gé eegun gígùn yẹn nítòsí orí rẹ̀ bíi lẹ́tà V tó dùbúlẹ̀, wọ́n á ti orí eegun yẹn padà sáyè ní mìlímítà mélòó kan, wọ́n á sì fi skúrù dè é. Tó bá ti pọ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, scarf ni, àwọn káfíńtà ni wọ́n ti yá orúkọ yẹn, bí káfíńtà ṣe máa ń gé orí pákó méjì kó lè bá ara wọn mu kó sì di ọ̀kan gígùn. Wọ́n á gé eegun náà lọ gbọọrọ bíi lẹ́tà Z, wọ́n á sún apá kan sáyè, wọ́n á fi skúrù méjì kàn án pọ̀. Wọ́n sábà máa ń fi Akin kún un, ìyẹn, wọ́n á yọ ègé eegun tín-ín-rín bí ẹ̀ka ọsàn lára eegun àtàǹpàkò gan-an, wọ́n á pa ojú ibẹ̀ dé, àtàǹpàkò á sì tọ́. Scarf pẹ̀lú Akin ni wọ́n ṣe fún èmi. Nígbà tí dókítà fi X-ray tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ hàn mí, skúrù ń tàn nínú ẹsẹ̀ mi bí ìṣó lára ilẹ̀kùn, mo ní "ṣé ẹ máa yọ ọ́ ni?" ó ní rárá, ibẹ̀ ló máa wà, àfi tó bá ń gún mi lọ́jọ́ iwájú.

Tí kókó bá wá pọ̀ gan-an, tàbí tí oríkèé tó wà láàárín ẹsẹ̀ bá dẹ̀ jù, Lapidus ni wọ́n máa ń sọ, orúkọ dókítà kan ní New York tó kọ nípa rẹ̀ ní 1934. Wọ́n á so oríkèé yẹn pọ̀ di eegun kan. Ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jinná, àwọn dókítà mìíràn ò sì ní jẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí làkúrègbé bá sì ti jẹ oríkèé àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, wọ́n lè so òun gan-an pọ̀. Ìrora á lọ, àtàǹpàkò ò sì ní ká mọ́, ẹ dágbére fún bàtà gogoro nìyẹn.

Èyí tí gbogbo èèyàn ń béèrè báyìí ni ti ihò kéékèèké, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bíńtín gé eegun láti inú ojú ihò tí kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, tí wọ́n ń wo X-ray bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àpá rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eegun ni wọ́n gé níbẹ̀ náà, kò sí eegun tó mọ̀ pé ihò kékeré ni wọ́n gbà wọlé kó wá tètè jinná. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mú irú tí ẹ rí lórí TikTok lọ bá dókítà pé èyí lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe èyí tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ tó sì bá ẹsẹ̀ yín mu.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni: ta ló máa gé e gan-an, ẹ̀yin tàbí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín? Mélòó lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Ṣé màá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Tí kókó bá tún padà ńkọ́? Ó lè padà o, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kò lè padà láé. Apá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò lè kú, kó má mọ ìfọwọ́kàn, tèmi ṣì kú díẹ̀ títí di báyìí, ibi tó tó owó kọ́bọ̀ kan. Àtàǹpàkò lè le, ìrora lè sún sábẹ́ ìka kejì, eegun lè má so, ojú ọgbẹ́ lè gba kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ má kàn máa mi orí.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ tẹnu yín, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Genotype yín, tó bá jẹ́ SS tàbí AS ẹ sọ ọ́, torí wọ́n máa ń fi rọ́bà fún ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ kó tó dọjọ́ náà. Ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ. Tí ojú ọgbẹ́ bá máa ń wú di kílóídì lára yín, ẹ fi ojú rẹ̀ hàn wọ́n. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, asipírínì, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kà fún wọn. Àgbo ńkọ́? Ẹ sọ ọ́! Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí òyìnbó máa wò yín bákan, ṣùgbọ́n àwọn àgbo kan wà tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jáde. Tí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àti lẹ́yìn, torí sìgá kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ṣoṣo rìn yí ilé yín ká lálẹ́, láìṣe nǹkan kan mìíràn, ẹ máa rí gbogbo ohun tó máa bá yín jà. Kápẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń yọ̀, ẹ ká a. Wáyà ṣájà tó gba ojú ọ̀nà kọjá, ẹ gbé e. Tí yàrá bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí tọ́lẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀, ẹ pinnu ibi tí ẹ máa sùn. Èmi fi ìdí gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ọjọ́ mẹ́wàá, mo kọjú sísàlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn, mo gbé ìdí, mo na ẹsẹ̀ òsì síwájú, àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Mọ́mì ti di ọmọ oṣù mẹ́jọ.

Ẹ gbé àga oníke tí kì í yọ̀ sínú bàlùwẹ̀. Ẹ ra báàgì gígùn tí wọ́n ń fi bo ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń wẹ̀, lẹ́dà búrẹ́dì pẹ̀lú rọ́bà tí gbogbo wa rò pé ó máa ṣiṣẹ́, omi máa ń wọ̀ ọ́, mo ti dán an wò. Ẹ se ọbẹ̀, ẹ dì í sínú ike kéékèèké tó tó ẹnu ẹnì kan, ẹ kó o sí fírísà, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ wá báàgì kékeré tí ẹ máa gbé kọ́rùn, torí tí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí ọ̀pá, ẹ ò lè gbé ife tíì rìn. Fílásìkì tó ní ìdérí ni mo ń kó sínú tèmi. Ẹ wá ìrọ̀rí mẹ́ta tó le, kì í ṣe èyí tó máa rì. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú yín ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán.

Tí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé fún Kérésì, tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì bọ́ sí oṣù kọkànlá, ẹ yí ọ̀kan nínú méjèèjì padà. Wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ òfurufú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ọjọ́ náà àti alẹ́ rẹ̀

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ò ní wàhálà. Ẹ ò ní jẹun láti òru, wọ́n á fi bírò dúdú fa àmì sí ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ wò ó dáadáa pé òun ni. Wọ́n lè fún yín ní oògùn oorun, tàbí abẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n kàn pa ẹsẹ̀ nìkan. Èyí tó bá wù kó jẹ́, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ pa iṣan tó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká kí ẹ má baà mọ ìrora nígbà tí ẹ bá jí. Ẹ máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú bàtà gìdìgbà kan tó le nísàlẹ̀, gìgísẹ̀ nìkan lẹ máa fi tẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Ẹsẹ̀ á ti kú pátápátá, ẹ ò ní mọ nǹkan kan, ẹ máa rò pé ẹ ti borí, ẹ máa pe gbogbo ẹbí lórí fóònù pé ẹ ò jẹ́ mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ yẹn máa lọ, bóyá lẹ́yìn wákàtí 12, bóyá ó tó 24, ó sì lè bọ́ sí òru nígbà tí ẹ ń sùn. Ẹ má dúró dè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìrora tí wọ́n fún yín kí ẹsẹ̀ tó jí, kí ẹ fi alámù sí fóònù fún èyí tó kàn, agogo mẹ́ta òru náà. Oògùn ìrora tó le bíi kódíìnì máa ń mú inú le, ẹ mu omi dáadáa kí ẹ jẹ ìbẹ́pẹ àti ewédú. Ẹ tún béèrè nípa ibuprofen kí ẹ tó lò ó, pàápàá tí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ọ̀rọ̀ kíndìnrín.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Kì í ṣe orí àpótí nígbà tí ẹ jókòó sórí àga o. Ẹ sùn sẹ́yìn, kí ìrọ̀rí mẹ́ta yẹn wà lábẹ́ ojúgun, kí àtàǹpàkò ga ju ibi tí ọkàn yín wà, tí ẹ bá wo iwájú kí ẹ máa rí ìka ẹsẹ̀ yín níwájú imú yín. Nínú wákàtí kan, kó wà lókè fún bíi ìṣẹ́jú 55, 5 tó kù ni kí ẹ fi lọ tọ̀ kí ẹ sì padà. Ẹ máa ká ọrùn ẹsẹ̀ lọ bọ̀, ẹ máa gbọn orúnkún, kí ẹ̀jẹ̀ má dúró sójú kan.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ kọkànlá ni mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bímọ, mo ní mi ò ní jó, mo kàn fẹ́ jókòó. Mo jókòó lóòótọ́. Wákàtí mẹ́ta, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ìrẹsì ń lọ, orin ń lọ. Nígbà tí mo délé ẹsẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi, nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá tí mo lọ ṣí òwú, nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì, ó dákẹ́. Ọmọ Yorùbá ni. Ó ní "Àǹtí, ibo lẹ lọ?" Mo ní mi ò lọ ibì kankan. Ó ní "Àǹtí." Mo jẹ́wọ́. Ojú ọgbẹ́ ti la díẹ̀ nísàlẹ̀, kò ju ìbú èékánná lọ, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mò ń lọ pààrọ̀ báńdéèjì lọ́jọ́ méjì méjì, nítorí ìrẹsì.

Ẹ tún gbọ́ nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n fún mi ní kí n pè wọ́n tí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n. Awọ wa kì í pọ́n bíi ti òyìnbó. Lára awọ dúdú, ẹ máa wò ó bóyá ó ń dán, bóyá ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju ẹsẹ̀ kejì lọ. Tí ó bá ń rùn, tí ọyún ń jáde, tí ibà mú yín, tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn yín, ẹ má fi balm ra á, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Tí èémí bá ń ṣòro fún yín tàbí àyà ń dùn yín, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ti ibí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí òwú

Nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n máa ń ṣí i. Eegun ò tíì so o, bàtà gìdìgbà yẹn ṣì máa wà lẹ́sẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 6 tàbí bẹ́ẹ̀, títí X-ray á fi sọ pé ó ti ń so. Wọ́n máa kọ́ yín láti ká àtàǹpàkò. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjì di àtàǹpàkò mú nísàlẹ̀, nítòsí oríkèé, ẹ má mú un ní orí èékánná, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa fà, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ ka ení dé ẹ̀wá. Ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ó máa le bíi kókó rọ́bà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òógùn bò mí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe é ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń le títí. Kí dókítà tàbí físíò sọ ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, torí ti àwọn tí wọ́n so oríkèé àtàǹpàkò pọ̀, àwọn yẹn ò gbọ́dọ̀ ká a rárá.

Iṣẹ́ tí ẹ ń jókòó ṣe, àwọn kan ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 tí wọ́n bá lè gbé ẹsẹ̀ sókè níbẹ̀. Care work, ilé ìkẹ́rù, kíṣìnì, gbogbo iṣẹ́ orí ìdúró, ẹ ka ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, kí ẹ tètè gba sick note. Mọ́tò, bíi ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ìgbà tí ẹ bá lè tẹ bíréèkì lójijì láìrora, kí ẹ kọ́kọ́ bi insurance yín. Tó bá tó oṣù mẹ́ta tí ẹ ò tíì lè wakọ̀, DVLA, àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbí, gbọ́dọ̀ gbọ́.

Èyí tí ìwé òyìnbó ò kọ ni ìkúnlẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, orí àtàǹpàkò ni gbogbo ara máa ń dà lé, a óò ká a pátápátá. Ìdọ̀bálẹ̀ náà ńkọ́, ìka ẹsẹ̀ lẹ fi ń ti ara sílẹ̀. Ẹni tó ń kírun, tó bá ń jókòó lórí ẹsẹ̀, ọ̀tún ni ìka rẹ̀ máa ń ká. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró títí dókítà á fi gbà, ó tó oṣù mẹ́ta fún èmi. Ẹ kírun lórí àga, ẹ béèrè ti àlùwàlá lọ́wọ́ áfáà yín torí báńdéèjì. Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù ṣáájú kí wọ́n tó wá kí mi, mo ní "Mà, orúnkún mi ń kí yín ṣùgbọ́n ó máa dúró sórí ìjókòó o", wọ́n ní "ta ló béèrè ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, ṣe kí eegun ẹ tún kán ni?" Nígbà tí wọ́n dé, àwọn gan-an ni wọ́n gbé ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Bàtà kánfáàsì tó fẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ ra sáìsì tó fi ìdajì ju tiyín lọ torí wíwú. Wíwú yẹn ò ní tètè lọ, ó lè tó oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn tó ọdún kan, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pọ̀ jù, kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́. Tí ẹ bá ń ra bàtà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú bébà tí ẹ fi fa ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ dókítà kì í ṣe méjèèjì pọ̀, torí ẹ nílò ọ̀kan láti dúró lé, wọ́n á jẹ́ kí àkọ́kọ́ gbára dì ná. Tèmi ti ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀ gọngọ, ṣùgbọ́n kò dùn mí nínú kánfáàsì, nítorí náà mi ò tíì fún wọn lọ́jọ́. Àbúrò mi ní kí n wá jẹ́ ká tún fa ìlà fún òun náà. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ra bàtà.